Ilé dókítà ẹran tó wà lọ́nà Oǹdó: ẹ gbé fílásìkì dání

Dókítà ni wọ́n kọ sára pátákó níwájú ṣọ́ọ̀bù náà, àmọ́ àwa tí a ń sin adìyẹ ní Àkúrẹ́, ọ̀dọ̀ Màmá la máa ń ní à ń lọ.

Iṣẹ́ ìjọba ló gbé Bàbá, ọkọ Màmá, wá síbí nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976. Ewúrẹ́ àti màlúù ni wọ́n ń tọ́jú lábẹ́ iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn. Nígbà tí wọ́n yọ Èkìtì jáde ní 1996, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó jẹ́ ọmọ Èkìtì palẹ̀ mọ́, wọ́n gba Adó lọ. Ọmọ Èkìtì ni Bàbá náà, ṣùgbọ́n Màmá ní àwọn ò ní í fi ilé tó ti dé òrùlé sílẹ̀ lọ ibì kankan. Ni Bàbá bá fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé tábìlì kan sí pálọ̀, wọ́n ra fíríìjì tó ń lo kẹrosíìnì, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá fẹ́ràn láti máa sọ ọ́. Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ má jókòó ti wọn.

Fíríìjì yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù. Vom, lẹ́bàá Jos, níbi tí iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti wà láti 1924, ni àjẹsára àrùn adìyẹ tí wọ́n ń pè ní Newcastle tí mò ń rà níbẹ̀ ti ń wá. Kò gbọdọ̀ gbóná lójú ọ̀nà. Tó bá ti gbóná, omi lásán lẹ fún adìyẹ mu. Bí wọ́n bá mú iná lọ, Màmá ti kó omi dídì sí kúlà kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bí ẹ ò bá gbé fílásìkì wá, wọn ò ní tà á fún yín, ẹ báà jẹ́ àna wọn. Ojú mi ni ọkùnrin kan ṣe ní kí wọ́n bá òun dì í sínú ọ̀rá, pé ọlọ́kadà ń dúró de òun. Màmá gba ìgò náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ka owó rẹ̀ lé e lọ́wọ́, wọ́n pa fíríìjì dé.

Ọmọ wọn obìnrin ni dókítà báyìí, Ìbàdàn ló ti kẹ́kọ̀ọ́. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò jọ Bàbá rárá. Nígbà tí adìyẹ mi ń kú, ó la òkú ọ̀kan níwájú mi, ó fi ẹnu ọ̀bẹ tọ́ka sí ibi tó ṣíwájú iwe: ẹ̀jẹ̀ ti tò síbẹ̀ tíntìntín. Ó ní Newcastle ni, kò sí oògùn tó ń wò ó. Kò ta nǹkan kan fún mi lọ́jọ́ náà. Ibòmíràn, báàgì oògùn ni mi ò bá gbé lọ sílé! Lásìkò Lasota (àjẹsára Newcastle tí adìyẹ ń mu nínú omi) ti ọ̀wọ́ adìyẹ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n má fún wọn lómi láti àárọ̀, kí n lo omi kànga tí kò ní kẹ́míkà, kí n po mílíìkì díẹ̀ mọ́ ọn, kí wọ́n mu ún tán láàárín wákàtí méjì.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ka Animal Production and Health ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ló ń ta oúnjẹ ẹran. Wọn kì í jẹ́ kó gún ẹran lábẹ́rẹ́, inú mi sì dùn sí i, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹni tó ń ta fíìdì náà ni dókítà. Ẹ̀yin tó ní ajá, wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi níbẹ̀ lọ́dọọdún.

Àbùkù wọn: dókítà kan ṣoṣo ni. Tó bá ti lọ sí oko ẹnì kan, ẹ ó jókòó títí ni. Owó wọn wọ́n díẹ̀ ju ti Ọjà Ọba lọ, POS wọn kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹ mú owó lọ́wọ́.