Pẹ́dà T-LCM nínú yàrá mi n'Ìkòròdú: bíréèkì tó le nìkan kọ́ ni bíréèkì tó dára

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo fì sí: pẹ́dà Thrustmaster T-LCM yìí, tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti wa mọ́tò inú géèmù, dára, owó tí mo ná sí i kò sì dùn mí. Àmọ́ ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ kọ́ ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń torí ẹ̀ rà á. Bí àwa tí à ń fi kọ̀ǹpútà sáré mọ́tò bá ti pàdé, líle bíréèkì la fi ń ṣe fáàrí. Ẹnì kan á ní tòun gba 60 kílò, ẹlòmíì á ní tòun gba 80, àfi bíi pé a wá gbé irin. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tẹ iye kan náà ní kọ́nà kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ eré títí dé ìparí.

Pẹ́dà tó bá sítíárìn mi wá, ibi tí ẹsẹ̀ bá dé ló máa ń wọ̀n. Potentiometer ló wà nínú rẹ̀, nǹkan kékeré kan tó ń yí bí pẹ́dà ṣe ń wọlẹ̀. Tí pẹ́dà bá ti rin ìdajì ọ̀nà, géèmù gbà pé ìdajì bíréèkì lo tẹ̀ nìyẹn, ì báà jẹ́ ọmọńdinrín ẹsẹ̀ lo fi tẹ̀ ẹ́. Load cell, èyí tó wà nínú bíréèkì T-LCM, kò ka ọ̀nà tí pẹ́dà rìn sí. Irin kan ni, tí wọ́n lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ lára. Tí ẹsẹ̀ bá fún un mọ́lẹ̀, irin yẹn á tẹ̀ níwọ̀n tí ojú kò lè rí, iná tó ń gba inú wáyà kọjá á yí padà díẹ̀, ibẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ti ń mọ iye agbára tó wọlé. Ẹ di ojú, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ síwájú ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lẹ́ẹ̀mejì. Kò ní dọ́gba. Ẹ wá fi ẹsẹ̀ ti ògiri lẹ́ẹ̀mejì, kí agbára rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Iṣan itan á rántí.

Ẹni tó bá ti wa ọkọ̀ gidi rí mọ ohun tí mò ń wí. Tí afẹ́fẹ́ bá ti wọ páìpù omi bíréèkì, pẹ́dà á máa rọ̀ wọlẹ̀, dẹ́rẹ́bà á máa pọ́ǹpù rẹ̀ kó tó mú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó máa ń pa ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí epo má baà jó, mọ̀ pé lẹ́yìn ìtẹ̀ méjì mẹ́ta bíréèkì á gan. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ló ń bá ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì ti kú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ eré ìje kò ní ìrànlọ́wọ́ yẹn rárá, ìdí nìyẹn tí awakọ̀ Formula 1 fi ń tẹ ju 100 kílò lọ níbi tí eré bá ti gbóná tí kọ́nà sì há. Nítorí náà, líle kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ti so ọ̀gbẹ́ni yẹn mọ́ àga, àga sì ti dè mọ́ ọkọ̀. Àwa ńkọ́? Àga ọ́fíìsì onítáyà, lórí táìsì.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Load cell inú T-LCM lè gba tó 100 kílò, sípíríǹgì mẹ́fà tí agbára wọn kò dọ́gba ló sì ń bá a wá, kí kálukú yan èyí tó wọ̀ ọ́. Lórí kọ̀ǹpútà lẹ ó ti sọ iye kílò tí géèmù máa kà sí bíréèkì tán pátápátá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá jókòó sórí àga onítáyà, kí agbára tó dé ibi tó nítumọ̀, àga á ti máa sá sẹ́yìn. Mo gba Odógunyàn lọ, mo ní kí wẹ́dà kan bá mi jó férémù irin, mo sì ra àga Golf àlòkù lọ́wọ́ àwọn tó ń tú mọ́tò. Nígbà tí mo ní kó tún fi irin ìdábùú kún ẹ̀yìn ibi tí pẹ́dà máa jókòó sí, ó wò mí sùn-ùn, ó ní, "Ọ̀gá, kí ló fẹ́ gùn ún?" Mo ní ẹsẹ̀ mi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jó o dáadáa. Tí owó yín kò bá tó méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ ṣe férémù. Bíréèkì olówó ńlá lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, ìyà lásán ni.

Láti ìgbà tí férémù ti dúró, nǹkan bíi 40 kílò ni mo fi sí, pẹ̀lú sípíríǹgì tí kò le jù tí kò sì rọ̀ jù. Ní Monza, pápá eré mọ́tò kan ní Ítálì, ọkọ̀ GT3 (irú ọkọ̀ eré ìje kan) inú géèmù Assetto Corsa Competizione á ti sáré kọjá 250 kìlómítà ní wákàtí kan kó tó dé kọ́nà àkọ́kọ́. ABS, tí kì í jẹ́ kí táyà gan pa tí a bá tẹ bíréèkì, wà nínú ọkọ̀ yẹn, nítorí náà títẹ bíréèkì pa kò ṣòro, ọmọdé lè tẹ̀ ẹ́. Títú u sílẹ̀ ni iṣẹ́. Bí sítíárìn ṣe ń yí ni ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ìwọ̀n ọkọ̀ má tíì kúrò lórí táyà iwájú. Tí ẹ bá já a sílẹ̀ lójijì, imú ọkọ̀ á gbéra, táyà iwájú ò ní dì í mọ́lẹ̀ mọ́, ọkọ̀ á sì gba ìta lọ. Tí ẹ bá pẹ́ jù lórí rẹ̀, ìdí ọkọ̀ á fẹ́ ṣáájú yín. Lórí pẹ́dà tó ń wọn ọ̀nà, àyè tó wà láàárín "díẹ̀" àti "díẹ̀ sí i" kò ju fífẹ̀ èékánná lọ. Lórí èyí, mo lè gbé e kalẹ̀ bí mo ṣe fẹ́. Mo ti gbé kílò náà sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ wò. Itan bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n kí eré tó dé ìdajì, ẹsẹ̀ tó ń gbọ̀n kò sì lè tú bíréèkì sílẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ohun tí mi ò rí níbẹ̀ ni ìgbà tí bíréèkì máa ń "gbá mú" nínú ọkọ̀ gidi. Sípíríǹgì ń le níwọ̀n kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, nígbà tí rọ́bà máa ń rọ̀ níbẹ̀rẹ̀ kó tó wá le gan-an. Àwọn kan ń ti rọ́bà bọ̀ ọ́ fúnra wọn. Èmi ò ṣe é, nítorí rọ́bà máa ń lọ́ra láti padà sípò, ooru sì máa ń mú un rọ̀. Yàrá tí iná mànàmáná ń wọ́n, tí fáànù kò dá lójú, ẹ fojú inú wo ohun tó máa dà níbẹ̀.

Pẹ́dà iná (èyí tó ń mú ọkọ̀ sáré) àti kílọ́ọ̀ṣì, mágínẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń lò, kò sí ohun tó ń ha ohun kan nínú wọn, wọn kò sì lè tètè jẹ. Mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí wọn.

Ọ̀kan ṣì kù, fún àwa tí wọ́n ń mú iná wa lọ tí wọ́n ń dá a padà: bí kọ̀ǹpútà bá ṣe ń tàn, pẹ́dà máa ń yẹ ara rẹ̀ wò láti mọ ibi tí òdo wà. Tí ẹsẹ̀ bá wà lórí bíréèkì lákòókò yẹn, òdo irọ́ ló máa mú. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò pátápátá títí yóò fi tàn tán. Ẹ sì bọ́ bàtà. Ìbọ̀sẹ̀ ló dára jù.

Nígbà tó jáde ní 2020, nǹkan bíi dọ́là 200 ni wọ́n ń tà á lókè òkun, ẹ fi owó ẹrù kún un. Wáyà USB rẹ̀, kọ̀ǹpútà nìkan ló wà fún. Ẹni tó ń lo PlayStation tàbí Xbox, inú sítíárìn Thrustmaster ló gbọ́dọ̀ kì í bọ̀. Tí sítíárìn yín bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn, tí ẹ kò sì ní kọ̀ǹpútà, ẹ má rà á.