ORS inú ọ̀rá: kò dá ìgbẹ́ gbuuru dúró, síbẹ̀ màá tún rà á

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí à ń fi omi pò fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Lẹ́tà ẹ̀yìn ọ̀rá rẹ̀ ló jẹ ìkarùn-ún.

Ọmọ mi, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, ló bẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́ gbuuru lóru. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti yà á lẹ́ẹ̀mẹfà, èébì sì ti dé. Ọ̀rá ORS méjì wà nílé, ti gíráàmù 20.5. Bàbá rẹ̀ ò rí ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ kà, ló bá da odindi ọ̀rá kan sínú ife omi kan. Lítà kan ló yẹ! Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Iyọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè ṣe ọmọ ní jàǹbá. A dà á nù.

Ìkejì ni mo fi omi tí mo ti sè, tó ti tutù, pò, lítà kan géérégé. Ṣíbí kékeré ni mo fi ń fún un, ṣíbí kan ní ìṣẹ́jú kan sí méjì. Tó bá bì í, màá dúró fún ìṣẹ́jú 10, màá tún bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ro mí o.

Nígbà tó di ọ̀sán, ìyá ọkọ mi ní, "Ìyàwó, nǹkan yín yìí ò mà ṣiṣẹ́, ọmọ ṣì ń yàgbẹ́."

Mo ní, "Màmá, kì í ṣe ìgbẹ́ ló wá dá dúró."

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bú u nìyẹn. Ara tó ń gbẹ ló ń pa ọmọ, omi àti iyọ̀ tó bá ìgbẹ́ lọ ni ORS ń dá padà. Ṣúgà inú rẹ̀ ló ń fa iyọ̀ gba inú ìfun wọ ara, omi á sì tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1971, Dókítà Dilip Mahalanabis fún àwọn tí ogun Bangladesh lé wá sí Bangaon, ní Íńdíà, ní irú omi yìí nígbà tí kọ́lẹ́rà ń pa wọ́n. Nínú 100 aláìsàn, nǹkan bí 30 ló ń kú tẹ́lẹ̀. Kò tó mẹ́rin mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ sunkún, omijé jáde. Ó tún tọ̀. Ọkàn mi balẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ kẹrin ni ìgbẹ́ tó dá. Nọ́ọ̀sì tún fún ọmọ ní oògùn síńkì, míligíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10. Kò fún wa ní oògùn apakòkòrò: ó ní ó jọ iṣẹ́ fáírọ́ọ̀sì, apakòkòrò ò sì ràn án. (Tí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tí kò lè mu nǹkan mọ́, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn ni kíá, kì í ṣe ṣíbí.)

Lọ́jọ́ kẹta, inú tèmi náà ṣí. Ẹ̀bi mi ni. Bí mo ṣe ń pààrọ̀ nápí tó, omi lásán ni mo fi ń ṣan ọwọ́, n ò fi ọṣẹ sí i. Èmi náà wá pò ó mu. Ó dà bí kéèyàn máa lá omijé ara rẹ̀. Tó bá ti lé ní wákàtí 24 tí ẹ ti pò ó, ẹ da ìyókù nù.