Oṣù mẹ́fà tí mo ti ń lo FactPages

Ó pé oṣù mẹ́fà báyìí tí mo ti ń lo FactPages, ibi tí ìjọba Nọ́wè kó ìtàn àwọn kànga epo tí wọ́n gbẹ́ sínú òkun wọn sí. Ọ̀fẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó bi mí lórúkọ, kò sẹ́ni tó ní kí n lọ gba lẹ́tà wá. Nínú yàrá mi l'Ákùrẹ́ níbí ni mo ti ṣí kànga 15/9-19 SR, èyí tí wọ́n fi rí Volve, pápá epo kan nínú òkun wọn, lọ́dún 1993. Ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n parí, bí omi ṣe jìn tó, iye mítà tí wọ́n gbẹ́ kí wọ́n tó kan ìpele àpáta kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àwòrán òkúta ló wọ̀ mí lára jù. Ẹ̀rọ máa ń gé òkúta láti ìsàlẹ̀ kànga ní gbọọrọ bí ìrèké, wọ́n á tò ó sínú àpótí, wọ́n á kọ iye mítà sí i, wọ́n á yà á ní fọ́tò. Mo fẹ ọ̀kan lójú fóònù, mo rí àwọn ìlà yanrìn tó dagun, bí èyí tí àgbàrá máa ń fi sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà lẹ́yìn òjò. Ariwo ta láàárín àwọn ọmọ tí mo ń ràn lọ́wọ́ lórí prójẹ́ẹ̀tì wọn. Wọn ò rí òkúta tó ti inú kànga epo jáde rí.

Àléébù FactPages ni pé kò sí lóògì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ wọ̀n nínú kànga láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí èèyàn lè kó sínú kọ̀ǹpútà lójú ibẹ̀. Volve ló gbà wá: Equinor, ilé iṣẹ́ epo Nọ́wè, àti àwọn tí wọ́n jọ ni ín tú dátà rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2018, nǹkan bí 40,000 fáìlì. Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ o, owó dátà yín á tán. Ti lóògì kànga nìkan ni kẹ́ ẹ mú, lóru.

Inú mi ò dùn tán, ṣá. Nígbà tí èmi náà ń ṣe prójẹ́ẹ̀tì, lóògì kànga kan ṣoṣo ni mò ń wá. Ọ́fíìsì kan dá mi padà lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà karùn-ún, wọ́n yọ bébà kan tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ikán ti jẹ etí rẹ̀, ibi tí wọ́n kọ iye mítà sí gan-an. Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Bẹ́ẹ̀, lọ́dún 1908 ni ilé iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀ wá epo lágbègbè Araromi, nípìnlẹ̀ Oǹdó wa níbí. Lọ́dún 1966 ni Nọ́wè ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ kànga àkọ́kọ́ sínú òkun, 8/3-1. Wọn ò kan epo níbẹ̀, síbẹ̀ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà. Mo ṣí i lánàá, òun ni èmi àtàwọn ọmọ máa kà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.