Tacoma ń sọ 24, Hilux ń sọ 9.8: èwo ló ń mu epo jù?

Níbi tí wọ́n ti ń ta píkọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Àkúrẹ́, ẹni tó ń tà á á sítáátì Tacoma, á nàka sí dáṣíbọ́ọ̀dù: "Bọ̀dá, ẹ wo 24! Kì í mu epo rárá." Mẹ́rìnlélógún kí ni? Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe Tacoma fún, máìlì tó ń rìn lórí gálọ́ọ̀nù kan ló ń kà. Bó bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe dáa tó. Hilux ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sọ 9.8, ìyẹn lítà tó ń mu ní 100 kìlómítà. Tiẹ̀, kó kéré ló dáa. Ẹ wá pín 235, nọ́ńbà tó ń sọ máìlì lórí gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà di lítà ní 100 kìlómítà, sí ọ̀nà 24. 9.8 náà ni. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wí. Bí Hilux yẹn bá jẹ́ ti dísù, owó lítà kan ò ní dọ́gba, ẹ ṣírò ìyẹn lọ́tọ̀.

Ẹ má fi kẹ́ẹ̀gì lítà 4 tí wọ́n fi ń ta epo létí títì ṣírò Tacoma o. Lítà 3.785 ni gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà. Ti Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ 4.546. F-150, píkọ́ọ̀pù Ford ti Amẹ́ríkà, kò yàtọ̀ sí Tacoma níbí.

Ṣé òótọ́ wá ni wọ́n ń sọ? Kì í ṣe epo inú táǹkì ni dáṣíbọ́ọ̀dù fi ń ṣírò nọ́ńbà yìí. Kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ló ń ka bí nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí, á fojú bu epo tó gba ibẹ̀ kọjá, á sì gbé e sórí ọ̀nà tí táyà ní òun rìn. Bí nọ́sù bá ti dọ̀tí, tàbí tí mẹkáníìkì fi ti bẹ́líjọ́ọ̀mù tí kì í ṣe irú rẹ̀ sí i, kọ̀ǹpútà ò mọ̀. Nígbà púpọ̀, mọ́tò ló máa ń pọ́n lé.

Táyà ni ti Tacoma, torí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn táyà ńlá. Bí wọ́n bá yọ 265/70R16, tí wọ́n fi 265/75R16 tó ga jù ú lọ sí i, ẹ ó rin 100 kìlómítà gidi, dáṣíbọ́ọ̀dù ò ní kà tó 97. Á wá dà bíi pé ó ń mu epo ju bó ṣe yẹ lọ. Hilux oko tí táyà rẹ̀ ti jẹ ń ṣe òdìkejì.

Bọ́tìnì tó ń dá nọ́ńbà yẹn padà sí òdo ló mú èmi. Ẹni tó ta Tacoma tèmi ti tẹ̀ ẹ́, ó wá fi àárọ̀ kùtù wà á lójú títì Ọ̀wọ̀. 26 ni mo bá níbẹ̀. Ọjọ́ kejì ní gosílóò Ọjà Ọba, 17.

Nítorí náà, ẹ ní kó tẹ bọ́tìnì lójú yín, kí ẹ wa méjèèjì láti Alágbàkà gba Ọjà Ọba dé FUTA, kí ẹ padà. Bí ẹ bá ti rà á, ẹ rọ epo títí pọ́ńpù á fi dá dúró fúnra rẹ̀, ẹ rìn, ẹ padà sí pọ́ńpù yẹn gan-an, torí mítà ilé epo kì í bára mu. Bí máàpù fóònù bá ní ẹ rin 200 kìlómítà, tí lítà 22 wọlé, 11 ni. Bí dáṣíbọ́ọ̀dù bá ní 10, ó ti fi lítà méjì pamọ́ fún yín.

Nínú ọ̀nà ìkà méjèèjì, ti Hilux ni mo yàn, torí lítà ló ń sọ, lítà náà ni pọ́ńpù ń tà. Àwọn onílẹ̀kùn méjì míì tí wọ́n fi ń kó kòkó láti Ìdànrè ò tilẹ̀ ní irú dáṣíbọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀. Ìwé àti bírò ló wà nínú tiwọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà.