Obsidian àbí tourmaline dúdú: èwo ni kẹ́ ẹ fowó yín rà?

Òkun o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ òkúta dúdú yìí ti wá pọ̀ jù lórí WhatsApp, ẹni tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ ní Kábà ní obsidian ni, ti Ìsánlú náà ní obsidian ni, ó tún wá fi kún un pé ilẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti wà á. Irọ́ ni ìyẹn o. Gíláàsì tí iná abẹ́ ilẹ̀ ṣe ni obsidian. Tí òkè tó ń tu iná bá da òkúta yíyọ́ síta, irú èyí tó ki tí sílíkà (èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ìgò) inú ẹ̀ tó 70% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó wá tètè tutù, kò ní ráyè di hóró bíi gránáìtì, á kàn dì bíi ìgò ni. Mexico, Iceland, Armenia, erékùṣù Lipari ní Ítálì, Kẹ́ńyà, Etiópíà, irú ibẹ̀ ló ti ń wá. Òkúta tiwa, inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ló ti rọra tutù, ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí tourmaline dúdú, òkúta oníhóró tó dúdú bíi obsidian, ní apá Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìsánlú, níbi tí wọ́n ti ń wa tantalite, òkúta tí wọ́n ń yọ irin tantalum lára ẹ̀.

Ká wá fi wọ́n wéra. Líle: obsidian jẹ́ 5 sí 5.5 lórí òṣùwọ̀n Mohs tí wọ́n fi ń wọn líle òkúta láti 1 dé 10, tourmaline jẹ́ 7 sí 7.5. Akọ òkúta funfun tó wà nínú iyanrìn jẹ́ 7, nítorí náà eruku ọyẹ́ lásán tẹ́ ẹ bá ń fi aṣọ nu kúrò lára obsidian lójoojúmọ́ á ha á, dídán ẹ̀ á lọ díẹ̀díẹ̀. Tourmaline ò ní wàhálà yẹn, àmọ́ ó máa ń ní ìlà sísán nínú, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ní ti dídán, mi ò ní purọ́, obsidian ló borí. Àwọn Aztec ní Mexico fi ṣe dígí ìwojú, ọ̀kan nínú ẹ̀ dọ́wọ́ John Dee tó ń gba Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní nímọ̀ràn, ó wà ní British Museum báyìí, ọdún 2021 ni wọ́n sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé Pachuca ní Mexico ni òkúta ọ̀hún ti wá. Àwọn Aztec yìí tún máa ń to abẹ obsidian sí ẹ̀gbẹ́ igi fi jagun, torí tó bá fọ́, etí ẹ̀ mú ju abẹ irin lọ. Ẹ gbọ́ o, TÓ BÁ FỌ́. Tèmi já bọ́ lórí símẹ́ńtì, ó ya mí lọ́wọ́ bí mo ṣe ń ṣà á.

Ẹ mú méjèèjì dání, tí wọ́n bá jọ tóbi bákan náà, tourmaline á wúwo jù. Èyí tí wọn ò tíì gé lára ẹ̀ máa ń ní ìlà gbọọrọ látòkè délẹ̀ bí ẹni fi ìyarun ya á.

Olè gan-an ni ìgò dúdú tí wọ́n ń pè ní obsidian. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ ha á, líle wọn fẹ́ẹ̀ dọ́gba, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Tọ́ọ̀ṣì fóònù ni kẹ́ ẹ tàn sí etí ibi tó fẹ́lẹ́: obsidian máa ń hàn bí èéfín tàbí ó pọ́n díẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá rí afẹ́fẹ́ roboto rẹpẹtẹ nínú ẹ̀ bíi ti ìgò, ẹ dá a padà. Èyí tó ní àmì funfun wínníwínní lára ò ṣòro dá mọ̀ tó dúdú lásán, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ tẹ́ ẹ máa wọ lọ sóko, lọ sọ́jà, tourmaline ni kẹ́ ẹ rà, ẹ lè rí èyí tí wọ́n wà nítòsí ilé pàápàá. Ti ọrùn tẹ́ ẹ máa wọ lọ òde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ra obsidian, ẹ fi aṣọ rírọ̀ wé e kẹ́ ẹ tó gbé e pa mọ́.