Alexa, Google tàbí Siri: Èwo Ló Bá Iná Abẹ́òkúta Mu?

Echo Dot (ti Alexa), Nest Mini (ti Google), HomePod mini (ti Siri), àwọn sípíkà tí à ń fẹnu pàṣẹ fún: kò sí èyí tó ní bátìrì nínú. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní Ìbarà tàbí Pánṣẹ́kẹ́, gbogbo wọn á dákẹ́, álààmù aago márùn-ún àárọ̀ kò sì ní dún. Torí náà, ṣájà wọn la kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ní ti ṣájà nìkan, HomePod mini ló dáa jù. Wáyà rẹ̀ ní ẹnu USB-C, powerbank tó ń gbé watt 20 jáde á sì gbé e. Àmọ́ láìsí iPhone tàbí iPad, kò ṣeé tò rárá; ẹni tí kò bá ní in kó má náwó sí i. Nest Mini ń gba fólítì 14, nítorí náà mini UPS (bátìrì kékeré) fólítì 12 tí ẹ fi ń gbé router kò bá a mu. Echo Dot ìran kẹta àti ìkẹrin ń gba fólítì 12, amp 1.25. Òun la máa rà. Ẹ ṣáà ṣírò rẹ̀ dáadáa: bí router bá ń gba amp 1, àròpọ̀ wọn jẹ́ 2.25, UPS amp 2 kò ní lè gbé méjèèjì. Ẹ má sì fi router sílẹ̀, torí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ ń lọ kó tó yé Alexa.

Gílóòbù Wi-Fi, èyí tí ẹ lè ní kí Alexa tàn tàbí pa, ló ń fa wàhálà jù. Bí iná bá dé láago méjì òru, ọ̀pọ̀ wọn á tàn yòò sójú ọmọ tó ń sùn, nítorí pé bí wọ́n ṣe tò ó láti ilé iṣẹ́ nìyẹn. Alexa kọ́ ló máa tún un ṣe. Inú áàpù gílóòbù náà, bíi Smart Life, ni ẹ ti máa yan ohun tó máa ṣe bí iná bá padà dé: ẹ ní kó wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Èyí tí kò bá ní ètò yìí, ẹ má rà á.

Wi-Fi 2.4GHz (ọ̀kan nínú ìgbì tí router ń lò) nìkan ni púpọ̀ nínú gílóòbù wọ̀nyí ń gbọ́. Bí ẹ bá pààrọ̀ MiFi, ẹ fún tuntun ní orúkọ àti páswọ́ọ̀dù ti àtijọ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ ó máa tún wọn so.

Kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó gbọ́ Yorùbá. Ó dunni gan-an, nílùú tí ìwé ìròyìn Yorùbá àkọ́kọ́ ti jáde lọ́dún 1859. Bí ẹ bá sọ gílóòbù ní “yàrá Màmá Àgbà”, ẹ ó pè é títí. Ẹ sọ ọ́ ní “parlour” tàbí “room one”.