Ìgò ₦7,000 lórí ilẹ̀ yanrìn Àgbádárìgì: oṣù mẹ́jọ tí mo fi lo ajílẹ̀ oníkòkòrò

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí oko mi wà, torí ẹni tó ń ka èyí láti Ọ̀yọ́ tàbí Èkìtì lè rò pé ilẹ̀ kan náà ni gbogbo wa ń ro. Ẹ̀yìn Àjàrà ni mo wà, ní Àgbádárìgì. Bí ẹ bá da garawa omi sílẹ̀ níbí, kí ẹ tó yíjú padà, yanrìn ti gbé e mì. Àgbọn ló mọ ilẹ̀ yìí lò. Ní ti ẹ̀fọ́, ẹ̀bẹ̀ la fi ń bẹ̀ ẹ́ kó tó hù. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rìnlélógún ni mo ní, ewédú àti tẹ̀tẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn alárobọ̀ tó ń ná ọjà Agbálátà ló ń kó o lọ́wọ́ mi. Yúríà, ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, ni mo ti ń lò láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Bí òjò ńlá méjì bá ti rọ̀, yúríà ti bá omi lọ, ewé á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n ra ohun tí wọ́n ń pè ní ajílẹ̀ oníkòkòrò yìí. Ìgò lítà kan ni, omi inú rẹ̀ dà bí tíì tí kò ní mílíìkì, ₦7,000 ni mo rà á. Ẹni tó tà á fún mi ní kòkòrò àìfojúrí ló wà nínú rẹ̀, pé tí mo bá ti ń dà á sílẹ̀, mi ò ní nílò yúríà mọ́ láéláé. Ọ̀rọ̀ kòkòrò yẹn kò ṣàjèjì sí mi. Mo ti dé Songhai ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin, ọgbà tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ lọ́dún 1985. Ẹ kọjá Ṣẹ̀mẹ̀, kò jìnnà sí wa. Ohun tó wọ̀ mí lójú níbẹ̀ ni pé wọn kì í da nǹkan nù. Ìgbẹ́ ẹran á di gáàsì ìdáná, èyí tó bá ṣẹ́kù á di oúnjẹ ilẹ̀, ohun tí ojú ò rí ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà. Torí náà, kì í ṣe pé ẹnu dídùn ni wọ́n fi mú mi. "Láéláé" yẹn nìkan ni mo fura sí.

Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé bakitéríà tó ń sọ nǹkan di kíkan, ìwúkàrà, àti bakitéríà tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ ni wọ́n pò pọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Teruo Higa ní Okinawa, lórílẹ̀-èdè Japan, ló gbé irú àpòpọ̀ báyìí jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Mo ṣí ìgò kejì tí mo rà (ẹ máa gbọ́ ti àkọ́kọ́ láìpẹ́), mo gbóòórùn rẹ̀, mo bú sẹ́rìn-ín. Omidùn ni! Kò sì yà mí lẹ́nu nígbà tó yá, torí irú bakitéríà tó ń mú ògì kan wà nínú ẹ̀, ìwúkàrà náà ló ń mú ẹmu hó. Mo gbé e fún ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ń sẹ́ ògì tà. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ẹgbẹ̀rún méje lo fi ra omi ògì?" Ìdí ewúro ẹ̀yìnkùlé ni àwọn máa ń da tiwọn sí látọjọ́ pípẹ́. Mi ò ní èsì lọ́jọ́ yẹn.

Ìgò àkọ́kọ́ bàjẹ́ pátápátá. Kí n tó gbé e délé ó ti wú bí ọ̀pọ̀lọ́. Bí mo ṣe ṣí i, òórùn ẹyin bíbàjẹ́ gba gbogbo ilé. Pé ó wú díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sùn o, òórùn yẹn ni ẹjọ́. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń tò ó sí nínú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn apakoríko. Ohun ẹlẹ́mìí ni wọ́n ń tò bíi búlọ́ọ̀kù! Mo dá a padà, wọ́n ní ọjà tí a bá ti rà kì í padà. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ara ìgò dáadáa: kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, kò sí ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán, kò sí iye kòkòrò tó wà láàyè nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni mo ti ra èkejì, ẹni tó ń tọ́jú tirẹ̀ síbi tó tutù nínú ilé. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ gbóòórùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Mo lo èkejì bí wọ́n ṣe kọ ọ́: ìdérí kan, tó jẹ́ mìlílítà 20, sínú omi lítà 10. Omi kànga ni mo lò. Ẹni tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ tí wọ́n ti da kẹ́míkà apakòkòrò sí ló ní, kó gbé e kalẹ̀ láìbò ó di ọjọ́ kejì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ omi yẹn á pa ohun tó fowó rà. Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bù ú sílẹ̀, torí oòrùn. Bẹ́ẹ̀dì ewédú méjì gba ìgò nìkan. Méjì ò gba nǹkan kan. Méjì tó kù, mo fi ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà sí i kí n tó da ìgò lé e.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, àwọn tó gba ìgò nìkan àti àwọn tí mi ò fún ní nǹkan kan, ẹ ò lè fojú yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìdì 17 ni mo rí lára àkọ́kọ́, 16 lára èkejì. Àwọn tó ní ìgbẹ́ adìẹ fún mi ní 36.

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ náà. Ṣíbí kékeré kan láti inú ilẹ̀dú tó dára lè ní bakitéríà tó tó bílíọ̀nù kan, ṣùgbọ́n ohun tó kó wọn jọ síbẹ̀ ni ewé jíjẹrà tí wọ́n ń jẹ. Ìgbà tí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, tí àwọn náà ń kú, ni gbòǹgbò ń rí nǹkan fà. Yanrìn mi tí mo ń gbá mọ́ tónítóní, tí mo ń dáná sun koríko rẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ jẹ níbẹ̀? Mo pe àlejò wá sílé, mi ò dáná. (Mo tilẹ̀ ti fi lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì bọ́ wọn nígbà kan. Ẹ má dán an wò níbi tí ẹ̀fọ́ wà. Bí wọ́n ṣe ń jẹ pákó, náítírójìn inú ilẹ̀, oúnjẹ tó ń mú ewé dúdú, ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Tẹ̀tẹ̀ mi pọ́n rúsúrúsú láàárín ọjọ́ mẹ́wàá.)

Mo ti ń múra àtikọ ìyìn nígbà náà, torí 36 yẹn. Bàbá Ẹ̀gùn kan tí oko wa jọ pààlà, tí wọ́n ti ń ro ilẹ̀ yìí kí n tó wọlé ọkọ, wo bẹ́ẹ̀dì náà, wọ́n ní, "Ìyàwó wa, ṣé ìgò ló ṣe é ni, àbí adìẹ?"

Mo tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin, ìgbẹ́ adìẹ kan náà, ìwọ̀n kan náà. Méjì gba ìgò, méjì ò gbà. Ìdì 37 sí 35. Èmi tí mò ń di ewédú mọ̀ pé ọwọ́ tó le tàbí tó dẹ̀ lè fa ìdì méjì. Adìẹ ló ṣe é.

Ibi tí ìgò yìí ti sanwó rẹ̀ padà ni ààtàn. Mo to òkìtì méjì: ìgbẹ́ adìẹ, èèpo gbágùúdá, imọ̀ àgbọn tí mo gé wẹ́wẹ́, àti koríko tí mo ti ń sun tẹ́lẹ̀. Mo wọ́n ìgò àti ṣúgà díẹ̀ sí ọ̀kan, mo wọ́n omi lásán sí èkejì. Òkìtì méjèèjì ló gbóná, àmọ́ èyí tó gba ìgò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má rùn láti ọ̀sẹ̀ kìíní, eṣinṣin sá níbẹ̀, àwọn aládùúgbò tó ń di imú tẹ́lẹ̀ sì dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ló dúdú, tó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. (Òórùn ilẹ̀ yẹn gan-an, bakitéríà ló ń ṣe é.) Èkejì ò jinná títí di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án. Òkìtì méjì péré ni, mi ò lè búra. Mo ti ń da á sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń fi èèpo àgbọn bò ó. Omi ń dúró di ọjọ́ kejì báyìí, mo sì rí ekòló, ohun tí mi ò rí rí lóko yìí. Yúríà mi ti dín sí ìdajì. Kò tán.

Wọ́n tún ta lẹ́búlẹ́bú dúdú kan fún mi, pé kí n fi pa irúgbìn ẹ̀wà lára. Bakitéríà inú rẹ̀ ni irú èyí tó ń wọ gbòǹgbò ẹ̀wà, tó ń di kókó wẹ́wẹ́ níbẹ̀, tó ń mú náítírójìn fún un láti inú afẹ́fẹ́. Martinus Beijerinck, ará Netherlands, ti yà á sọ́tọ̀ láti 1888. Lọ́sẹ̀ kẹfà mo fa èyí tí mo fi pa àti èyí tí mi ò fi pa tu. Kókó wà lára méjèèjì, mo là á, inú gbogbo rẹ̀ pọ́n bí omi ẹ̀jẹ̀, tó fi hàn pé iṣẹ́ ń lọ. Ẹ̀wà wa kì í ṣa bakitéríà. Èyí tó bá bá nílẹ̀ ló ń bá ṣe. Sóyà ló ń ṣà á, òun ni IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàdàn, tìtorí rẹ̀ ṣe NoduMax, irú bakitéríà báyìí tí wọ́n ń fi pa irúgbìn sóyà. Mi ò gbin sóyà, mi ò tún ní ra lẹ́búlẹ́bú.

Máàkì mi: 1 nínú 5 fún ẹni tó fẹ́ dà á sórí yanrìn lásán, 4 fún ẹni tó ní ààtàn. Máàkì kan tí mo yọ, ti ìgò tí kò ní ọjọ́ lára ni. Òkìtì kẹta tí mo tò lọ́sẹ̀ tó kọjá, omidùn ìyá ọkọ mi ni mo dà sí i dípò ìgò. Ó ti ń gbóná. Ìyá ń wá wò ó láràárọ̀, wọn ò tíì sọ nǹkan kan.